Èéfín Ọkọ̀: Ọwọ́ Kan Kò Gbé Ẹrù Dé Orí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí kò sí ilé tí kì í wọ ọkọ̀, kò sì sí ọmọ tí kì í mí. Ọ̀rọ̀ èéfín tí ń jáde ní ìdí ọkọ̀ ni, àti ọ̀nà tí a lè gbà dín in kù láìsí pé a ba iṣẹ́ òòjọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa ní ìlú kan ní Òkè Ọya níbí. Ó ti lé ní 20 ọdún tí ó ti ń fi iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà bọ́ ọmọ márùn-ún. Bí ó bá ti kírun Súbúhì tán, yóò ṣíná ọkọ̀ akérò rẹ̀ tí ó gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilé, yóò fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ara ọkọ̀ lè móoru, yóò sì wọlé lọ mu ẹ̀kọ. Fèrèsé tí ìdí ọkọ̀ náà kọjú sí ni fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí ó yá, mímí rẹ̀ ń dún bí fèrè ní òru. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì béèrè ohun tí wọn kò retí. Ó ní, “Kí ni ó kọ́kọ́ máa ń wọ imú ọmọ yìí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́?”

Dókítà kò sọ pé èéfín nìkan ni ó fa àìsàn náà. Ohun tí ó sọ ni pé ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu kò gbọdọ̀ máa fi èéfín jí. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá yìí dé ọkàn, ó sì wá bá wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ni mo fi ń bọ́ wọn. Àbí òun náà ni mo tún fi ń pa wọ́n lára?” Ìbéèrè rẹ̀ yìí ni ó fa ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ ní ilé, tàbí tí ọmọ yín ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwé, ìbéèrè náà kàn yín.

Kí ni ó wà nínú èéfín náà?

Bí epo kò bá jó tán nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò bá ojú sàlẹ́ńsà jáde. Apá kan rẹ̀ jẹ́ èérún tí ó kéré débi pé irun orí wa fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí 30 ìlọ́po. Irun imú kò lè dá a dúró, ọ̀nà ọ̀fun kò lè dá a dúró, ó ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn nínú rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Apá kejì jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Òun kan náà ni ó ń pa àwọn tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn. Ọkọ̀ tí a bá ṣíná rẹ̀ nínú gáréèjì tí a tì lè ṣe irú iṣẹ́ burúkú kan náà.

Ní ọdún 2012, ẹ̀ka tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísù sí ara àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Àjọ yìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tí kò mọ́, ti ìta àti ti ilé ìdáná lápapọ̀, ń mú kí nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ènìyàn kú láìtọ́jọ́ ní ọdọọdún káàkiri ayé. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó ń fa á. Jẹnẹrétọ̀, ìdọ̀tí tí a ń dáná sun, igi ìdáná àti eruku ọyẹ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìsàlẹ̀ ni èéfín ọkọ̀ ti ń jáde, ní ìwọ̀n imú ọmọdé tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé àti ti ìyá tí ó jókòó ti àtẹ ata ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì.

Òjé ti lọ, imí-ọjọ́ ni ó kù

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan lè yí padà, ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ òjé. Láti nǹkan bí ọdún 1920 sí i ni wọ́n ti ń da òjé pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù kí ẹ́ńjìnnì má bàa máa kan gbì-gbì. Òjé yìí ń bá èéfín jáde, ó sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n sì fẹnu kò pé kí á yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ ní apá ibi wa yìí. Algeria ni ó ṣe ìkẹyìn ní gbogbo ayé, ní oṣù keje ọdún 2021.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Kò sí awakọ̀ kan tí ó ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ ń mu ni wọ́n tún ṣe, òjé sì kúrò nínú èéfín ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ titun lápapọ̀. Ọwọ́ kìíní nìyẹn, ìyẹn ni epo.

Ohun tí ó kù nínú epo ni imí-ọjọ́, irú èyí tí àwọn eléwé ọmọ máa ń tà fún oògùn ara yíyún. Inú epo rọ̀bì ni ó ti ń wá, inú dísù ni ó sì ti máa ń pọ̀ jùlọ. Bí ó bá jó, èéfín rẹ̀ ń ta ọ̀fun, ó sì ń ba ohun tí wọ́n ṣe sí abẹ́ ọkọ̀ láti fi jọ èéfín jẹ́. Láti ọdún 2009 ni ilẹ̀ Yúróòpù kò ti gbà kí imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ wọn ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní ilẹ̀ wa, òfin ṣì ń gba ìdá 3,000 nínú dísù láàyè títí di ọdún 2016. Ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland tú u síta pé àwọn oníṣòwò kan ń kó epo tí Yúróòpù kò jẹ́ fi wa ọkọ̀ wá tà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò ní Àbújá pé kí wọ́n mú un wálẹ̀ sí ìdá 50. Ní ọdún 2020, àwọn mínísítà ECOWAS sọ ọ́ di ti gbogbo ẹkùn wa, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú epo tí a ń kó wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2021.

Òfin ti wà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí òfin wà nínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ẹnìkan máa yẹ epo wò ní èbúté àti ní ilé epo. Ibẹ̀ ni ohùn ará ìlú ti wúlò.

Tòkunbọ̀ àti ajọ̀ èéfín

Ọwọ́ kejì ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí àyíká sọ ní ọdún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tí àwọn ará Netherlands yẹ àwọn tí ń bọ̀ ní Áfíríkà wò ní èbúté wọn, púpọ̀ nínú wọn ti pé ọdún 16 sí 20, wọn kò sì ní ìwé pé wọ́n ṣì yẹ fún ojú pópó mọ́. A kò bú ẹnikẹ́ni tí ó ra tòkunbọ̀. Bí kò bá sí tòkunbọ̀, mélòó nínú wa ni ì bá ní ọkọ̀? Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó.

Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe ní nǹkan bí 30 ọdún sí ìsinsìnyí, ohun kan wà nínú ọ̀pá sàlẹ́ńsà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní “catalyst.” Ajọ̀ èéfín ni a lè pè é. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi àwọn irin olówó iyebíye bí i platinum àti palladium pa á lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ oró inú èéfín di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó jáde. Nítorí irin iyebíye yìí, àwọn kan ń lọ káàkiri àgbàlá mẹkáníìkì láti rà á. Mẹkáníìkì yóò sọ fún yín pé, “Alàájì, nǹkan yìí ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ yín lè sáré, ẹ jẹ́ kí á gé e.” Yóò gé e, yóò fi ọ̀pá òfìfo dí àyè rẹ̀, yóò sì lọ tà á. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ yín ti di ọkọ̀ tí kò ní ajọ̀.

Ṣùgbọ́n bí imí-ọjọ́ inú epo bá pọ̀, yóò ba ajọ̀ titun pàápàá jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni epo mímọ́ nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jẹ yóò ṣì máa tú èéfín. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Gáàsì: ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ

Bàbá tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti gbọ́ nípa ọkọ̀ tí ń lo gáàsì. Ta ni kò tíì gbọ́? Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ owó orí epo ti dópin. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó náírà 200 ní ilé epo ìjọba fò kọjá náírà 480 ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ó sì kọjá náírà 1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní ọdún 2023 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò gáàsì ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọkọ̀ mílíọ̀nù kan máa lo gáàsì kí ọdún 2027 tó parí. Ní ọdún 2024, nǹkan bí náírà 230 ni wọ́n ń ta kúbíìkì mítà kan ní àwọn ibùdó tí ó wà lábẹ́ ètò náà, ìwọ̀n yìí sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti lítà epo bẹntiróòlù kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Ní ti èéfín, gáàsì dára ju dísù lọ lọ́nà tí ojú lè rí, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀fúùfù dúdú nínú rárá. Kì í ṣe pé kò ní àléébù: bí gáàsì bá ń jò dànù láìjó, ó ń mú kí ayé móoru sí i. Síbẹ̀, fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ń gbé ní ẹ̀bá gáréèjì, ìrọ̀rùn ńlá ni.

Ìbéèrè tí ó le ni pé: níbo ni ẹ ó ti rà á? Ìlú Benin ti ní ibi tí ọkọ̀ ti ń ra gáàsì láti nǹkan bí ọdún 2010, nítorí pé ọ̀pá gáàsì wà nítòsí wọn. Ní Òkè Ọya, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pá kò bá dé ìlú kan, inú ọkọ̀ àjàgbé ni wọn yóò ti kó gáàsì lọ síbẹ̀, àjàgbé náà yóò sì máa mu dísù lọ ní ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá ńlá tí yóò gba Ajaokuta lọ sí Kàdúná àti Kánò ní ọdún 2020. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 614. Títí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ yóò fi dé ẹnu ọ̀nà wa, ẹni tí ó ra ọkọ̀ gáàsì dà bí ẹni tí ó ra ẹṣin sí ibi tí kò sí koríko.

Ìlú Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1998, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ pàṣẹ pé gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú náà gbọ́dọ̀ máa lo gáàsì kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2001. Ọjọ́ pé, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì kò tó. Awakọ̀ ń tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èrò ń dúró ní ojú oòrùn, ó sì di ìparí ọdún 2002 kí iṣẹ́ náà tó parí. Èéfín dúdú bọ́ọ̀sì dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ mìíràn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, afẹ́fẹ́ ìlú náà tún bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: kí ibi ìtagáàsì ṣáájú àṣẹ, kí ọkọ̀ èrò tí ó péye sì wà kí gbogbo ènìyàn má baà máa wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ewu olówó pọ́ọ́kú

Nígbà tí epo wọ́n jùlọ ní ọdún 2024, wẹ́dà kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sọ fún bàbá wa yìí pé òun lè bá a so sílíńdà mọ́ ọkọ̀ ní iye tí kò tó ìdajì owó tí ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ ń gbà. Ó kù díẹ̀ kí ó gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ìròyìn dé pé ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i ní ìlú Benin, àwọn ènìyàn sì fara pa. Àwọn aláṣẹ ètò gáàsì sọ pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ti gáàsì ọkọ̀, ni ó fà á. Bàbá wa sọ owó rẹ̀ padà sí àpò.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa dáadáa níbí, nítorí ẹ̀mí ni. Agbára tí gáàsì ọkọ̀ fi ń ti ara sílíńdà tó nǹkan bí 90 ìlọ́po agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré. Wọn kò ṣe sílíńdà gáàsì ìdáná láti gba ìdá kan nínú márùn-ún agbára náà. Ẹni tí ó bá lò ó fún ọkọ̀, bọ́ǹbù ni ó gbé sí ẹ̀yìn àwọn èrò rẹ̀. Sílíńdà tí ó pé ní nọ́ńbà, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò, a kì í sì í jó o, bí ó ti wù kí ó rí. Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì so gáàsì mọ́ dáadáa ṣì lè lo bẹntiróòlù nígbà tí gáàsì bá tán ní ọ̀nà.

Ọkọ̀ oníná mànàmáná ńkọ́?

Kò jẹ́ tuntun mọ́ ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tí ń lo iná mànàmáná ti ń gbé èrò láti Mile 2 sí Marina ní Èkó, ìrìn kìlómítà 13. Ní ọdún 2021, ìjọba ṣí ibùdó kan tí ń fi oòrùn sọ agbára sínú ọkọ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Ní Maiduguri, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mustapha Gajibo ti sọ àwọn bọ́ọ̀sì kékeré di oníná. Ìdí tí a fi dárúkọ àwọn wọ̀nyí ni pé, bí Òkè Ọya kò bá tíì ní ọ̀pá gáàsì, kò sí ẹni tí yóò sọ pé a kò ní oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ sọ agbára sínú ọkọ̀ oníná, ńṣe ni ó kó èéfín kúrò ní títì wá sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí ni ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe?

Láti ilé kéú ni wọ́n ti kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò ní ojú ọ̀nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ẹ̀gún àti òkúta ni a máa ń rò, ṣùgbọ́n èéfín náà wà ní ojú ọ̀nà. Ohun tí apá wa ká láti òní nìyí:

Ẹ wo àwọ̀ èéfín ọkọ̀ yín. Bí ó bá dúdú, epo ń wọ inú ẹ́ńjìnnì ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí ohun tí ń jọ afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti móoru, ó lè jẹ́ pé omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Owó yín ni gbogbo rẹ̀ ń bá jáde.

Ẹ má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó máa jó epo lásán ní ẹ̀bá fèrèsé tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ìwọ̀n ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan tó fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní kí wọ́n tó rọra gbéra.

Ẹ má ta ajọ̀ èéfín. Ẹ máa fọn táyà dé ìwọ̀n, nítorí táyà tí ó rọ̀ ń jẹ epo.

Bí ẹgbẹ́ bá ń lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí á kó ara wa sínú bọ́ọ̀sì kan dípò ọkọ̀ kéékèèké mẹ́wàá.

Nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè: ta ni ń yẹ epo wò ní ìlú yìí? Nígbà wo ni ibi ìtagáàsì tàbí ibùdó oòrùn fún bọ́ọ̀sì yóò dé? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú.

Ní ti bàbá wa, ó ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó sì ti gbé ọkọ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní báyìí, ìgbà tí ó bá ti ṣe tán láti lọ ni ó máa ń ṣíná. Ọmọ náà ṣì ń lo oògùn rẹ̀, a kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ pé òru tí òun fi ń jókòó tì í ti dín kù. Bàbá ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún gáàsì, lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ, bí ibi tí wọn yóò ti máa tà á bá dé ìlú rẹ̀. Ó ti gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí abẹ́ ẹrù náà. Ọwọ́ kejì, ti àwọn aláṣẹ, ni ó ń dúró dè.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ẹ̀mí wa àti ti àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí á jẹ́ aládùúgbò rere fún ara wa. Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.